"Cannot Open Shared Object File": Níbo Lọ̀rọ̀ Yìí Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ ti kọ́ńpáìlì àfikún kan fún dátábéèsì yín, kò sí wàhálà. Ẹ ní kí dátábéèsì lò ó, ló bá ní òun ò rí fáìlì kan. Ìtàn ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá lónìí.

Láyé àtijọ́, ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń ru ẹrù ara rẹ̀. Bí ètò mẹ́wàá bá nílò kóòdù kan náà, ẹ̀dà mẹ́wàá ni yóò wà, bẹ́ẹ̀ àyè inú ẹ̀rọ ò tó nǹkan. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn tó kọ́ Multics ní Amẹ́ríkà dá ọgbọ́n kan: kí ẹ̀dà kan ṣoṣo wà, kí gbogbo ètò jọ máa lò ó, kí wọ́n sì so mọ́ ọn nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Lọ́dún 1988, SunOS 4.0 mú irú ọgbọ́n yìí wá sórí Unix. Ohun tá a ń pè ní láíbírì àjọlò nìyẹn.

Àmọ́ bí gbogbo agboolé bá ń lo ọlọ kan, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kúrò láyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lọ ata.

Lọ́dún 1986, Michael Stonebraker àti ikọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ POSTGRES ní yunifásítì Berkeley. Wọ́n fẹ́ kí ẹlòmíì lè fi kóòdù tirẹ̀ kún un. Òun ló di PostgreSQL. Lónìí, PostGIS, àfikún tó ń jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ lórí máàpù, gbára lé láíbírì GEOS àti PROJ. Bí GEOS bá sọnù, PostGIS ò ní gbéra.

Lójú tèmi, ọdún 2006 ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí. Ṣáájú ìgbà náà, àfikún tí wọ́n kọ́ńpáìlì fún PostgreSQL àtijọ́ lè wọ inú tuntun láìsí ìbéèrè, kó sì da gbogbo rẹ̀ rú. PostgreSQL 8.2 ló sọ ọ́ di dandan kí àfikún ní àmì PG_MODULE_MAGIC. Bí ẹ̀yà méjèèjì ò bá bára mu, kò ní gbà á wọlé. Dátábéèsì tó kọ̀ sàn ju èyí tó gbà, tó wá ba àkọsílẹ̀ owó àwọn èèyàn jẹ́.

Nítorí náà, ẹ ka ohun tó sọ dáadáa. Bó bá ní "cannot open", fáìlì ò sí níbi tí ẹ̀rọ ń wò. Lórí Linux, ẹ fi ldd wá èyí tó bá ní "not found". Bó bá jẹ́ pé ibòmíì ló wà, ẹ kọ ọ̀nà ibẹ̀ sínú /etc/ld.so.conf.d, kẹ́ ẹ wá lo ldconfig. "Undefined symbol" ńkọ́? Orúkọ kan ni àfikún yín ń pè tí kò rẹ́ni jẹ́ ẹ: bóyá ẹ ò so láíbírì kan mọ́ ọn, tàbí ẹ̀yà tó wà nílẹ̀ kọ́ lẹ fi kọ́ńpáìlì. Bó bá sì jẹ́ "version mismatch", ẹ bi pg_config léèrè ẹ̀yà PostgreSQL tẹ́ ẹ lò.

Ó dìgbà kan ná.