Ta Ni Ó Ń San Owó Ìwòsàn?

Òfin Amẹ́ríkà ti 1986 sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwòsàn gba aláìsàn pàjáwìrì tí kò ní adójútòfò. Ṣùgbọ́n òfin náà kò san owó; ìwé gbèsè ń tẹ̀lé aláìsàn délé. Abájọ tí àwọn kan nínú wa fi ń fi àìsàn pamọ́.

Sùlútáànì Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn sí Káírò ní 1284. Wọ́n ní a ti tọ́jú òun náà rí ní Damásíkù kí ó tó jọba. Owó tí ń wọlé lórí dúkìá tí ó fi ṣe waqf ni wọ́n fi ń san owó oníṣègùn, tí wọ́n fi ń ra oògùn àti oúnjẹ. Olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀. Ilé ìwòsàn ojú ṣì wà níbẹ̀ lónìí.