I.K. Dairo àti Blue Spots: Bí Iná Mànàmáná Ṣe Mú Jùjú Padà Sílé

Nínú gbogbo àríyànjiyàn nípa orin tí mo ti gbọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, èyí tó sú mi jù lọ ni ti àwọn tó ní orin tó bá ti ní gìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè nínú kì í ṣe orin ìbílẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní òyìnbó ti bà á jẹ́, pé gbòǹgbò rẹ̀ ti já. Mo fẹ́ fi ìtàn I.K. Dairo àti ẹgbẹ́ Blue Spots dá wọn lóhùn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jùjú yàtọ̀ pátápátá. Ìgbà tí iná mànàmáná wọ inú rẹ̀ gan-an ni ìlù Yorùbá ráyè wọlé.

Èkó ni jùjú ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 tí Túndé King ń kọrin, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin péré ló máa ń wà nínú ẹgbẹ́ eléré jùjú: ọ̀kan ń ta bánjò, ọ̀kan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń lu ìlù pẹlẹbẹ olójú awọ tí wọ́n ń pè ní jùjú. Orin pálọ̀ ni. Wọ́n ń jókòó kọ ọ́ fún àwọn èèyàn tó ń mu ọtí wọn jẹ́jẹ́. Kò sí gángan níbẹ̀, kì í sì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn gángan. Bí o bá gbé gángan sí ẹ̀gbẹ́ gìtá tí kò ní iná, gìtá ti parẹ́ nìyẹn, akọrin á sì máa pariwo bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni maikirofóònù àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè wá di ohun tí ẹgbẹ́ eléré lè ní. Ohùn akọrin àti gìtá wá lágbára, gángan sì wọlé. Bí ìlù kan ṣe wọlé ni àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé e: àkúbà, agogo, máràkà. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta di ẹlẹ́ni mẹ́wàá, àwọn elégbè sì wá pọ̀ tó láti máa dá olórí lóhùn bí a ṣe ń ṣe nínú orin ìlú wa.

Inú àyè tí iná ṣí sílẹ̀ yìí ni Isaiah Kẹ́hìndé Dairo bọ́ sí. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i ní 1930, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Káfíńtà ni bàbá náà, òun ló sì ṣe ìlù fún un nígbà tó wà ní kékeré. Owó kò tó, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ oríṣiríṣi kó tó dé Ìbàdàn, níbi tó ti bá Daniel Òjògé ṣeré. Ní 1957 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Morning Star Orchestra, tó wá di Blue Spots. Àkókò náà bọ́ sí i lọ́wọ́: ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sì pẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbégbá orókè nínú ìdíje àwọn eléré tí wọ́n gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 1963 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni àkọ́díọ̀nù. Àwọn eléré mìíràn ní gìtá, wọ́n ní gángan, ṣùgbọ́n Dairo ló sọ dùùrù kékeré tí à ń fà tí à ń tì yìí di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ jùjú. Kì í ṣe irú èyí tó tóbi, tó ní eyín dúdú àti funfun. Bọ́tìnnì 10 ló ní, bí o bá sì tẹ ọ̀kan, ohùn tó máa mú jáde nígbà tí o bá ń tì í yàtọ̀ sí èyí tó máa mú jáde nígbà tí o bá ń fà á. Ohùn tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ orin òyìnbó tó díjú, ọ̀nà á há mọ́ ọn. Àmọ́ orin Ìjẹ̀ṣà àti orin ìjọ Aládùúrà tí Dairo mọ̀ kò béèrè ohùn púpọ̀. Ohun tó jẹ́ àbùkù lọ́wọ́ ẹlòmíràn wá ṣe rẹ́gí lọ́wọ́ tirẹ̀. Nínú "Salome", àkọ́díọ̀nù náà ń fẹ́ ọmọbìnrin yẹn tó bí ẹni tó ń kọrin ṣe ń fẹ́ ẹ.

Àwọn kan nínú wa tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà ti fi Creedence Clearwater Revival hàn mí, mo sì gbádùn wọn. Wọ́n ń kọrin irà àti odò Louisiana bí ẹni pé inú ẹrẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, bẹ́ẹ̀ El Cerrito ní California ni wọ́n ti wá, ọ̀nà jíjìn réré. Kò sẹ́ni tó torí ìyẹn ní orin wọn kò ní gbòǹgbò. Kí ló wá dé tí à ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Ọ̀fà, tó gbòkìkí ní Ìbàdàn, tó sì tún kọrin ní èdè Urhobo, Ìtsẹkírì àti Haúsá? Wọ́n tún jọra níbòmíràn: orin kúkúrú. Ojú àwo kékeré kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, Dairo á ta àkọ́díọ̀nù, á dá orin, àwọn elégbè á gbè é, gángan á sọ tẹnu rẹ̀, ó parí. Mo mọ̀ pé inú máa bí àwọn kan sí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí àwo ńlá dé, tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé wá ń fi eré kan gba gbogbo ojú àwo, a jèrè ijó, a sì pàdánù ìkóra-ẹni-níjàánu yẹn.

Ẹ wá wo ibi tí orin náà dé. Ní Ọlọ́runṣògo àti àwọn abúlé kòkó bíi tirẹ̀ tó yí Ìbàdàn ká, kò sí iná mànàmáná nígbà náà. Rédíò alábátìrì ni, àti ẹ̀rọ tó ń lu àwo lọ́dọ̀ ẹni tí kòkó rẹ̀ bá ṣe dáadáa. Orin tí iná bí wá ń dé ibi tí iná kò dé, àwọn tó ń gbọ́ ọ kò sì rí nǹkan òyìnbó kankan nínú rẹ̀. Bàbá mi àgbà, tí wọ́n ṣe àgbẹ̀ níbẹ̀, kò mọ orúkọ àkọ́díọ̀nù. "Èyí tó ń mí yẹn" ni wọ́n ń pè é.

Lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ yẹn gbọ́ ni "Ka Sora", orin ìkìlọ̀ tí àwọn èèyàn wá ń sọ lẹ́yìn náà pé ó rí ogun abẹ́lé ọdún 1967 kó tó dé. N kò gbà pé aríran ni Dairo. Ẹni tó bá ń gbé Ìwọ̀-Oòrùn láàárín 1962, tí wọ́n jà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, àti 1965, tí wọ́n ń sun ilé àti èèyàn nítorí ìbò, kò nílò ìran kó tó mọ̀ pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Èdè tí àgbẹ̀ ń sọ nílé ni Dairo fi kìlọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ abúlé wọ̀nyí, ní Akanran, ní Ẹgbẹ́dá, dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà. Orin kọ́ ló dá ìjà yẹn sílẹ̀, owó orí àti iye tí wọ́n ń ra kòkó ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ará oko tí kò mọ ohun tó ń lọ ni wọ́n. Rédíò wọn ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọrin.

Lẹ́yìn ogun, òkìkí kúrò lọ́dọ̀ Dairo, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e, òun náà sì gbájú mọ́ iṣẹ́ ìjọ Aládùúrà. Ní 1990, ilé iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà kó lára àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ jọ sínú Juju Master. Nígbà tó yá, ó lọ kọ́ni ní University of Washington ní Seattle. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 1996. Àwo tí èmi fi kọ́kọ́ gbọ́ ọ dáadáa, Amẹ́ríkà ló ti wá, nítorí ooru páànù ti lọ́ àwọn tó wà ní Ọlọ́runṣògo, abẹ́rẹ́ kò lè tọ̀ wọ́n mọ́. Bí àwọn àgbà yín bá ṣì ní àwo nílé, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ páànù lónìí, kí ẹ tò ó ní òòró, ẹ má tò ó lérí ara wọn. Bí o kò bá sì mọ orin tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, "Salome" ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, fi ohùn sílẹ̀, gángan ni kó o fetí sí.