Orúkọ Tí Ó Wà Nínú Àwo: Ìdí tí Àwọn Olólùfẹ́ Orin Yorùbá Fi Ń Pa Àwo Mọ́

Ìfáárà

Ní ilé ìyá tí ó bí ìyá mi ní Ìbàdàn, àwo orin kan wà tí wọ́n fi gèlè àtijọ́ wé, tí wọ́n sì tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ẹ̀rọ giramafóònù tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó bí mi. N kò gbọ́ ohùn inú àwo náà rí ní gbogbo ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo béèrè ohun tí wọ́n ń fi àwo tí kò ṣe é gbọ́ ṣe, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Màmá fi dá mi lóhùn: "Bàbá ìyá rẹ ń bẹ nínú rẹ̀." Wọn kò sọ pé orúkọ bàbá ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní bàbá fúnra wọn ni.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn kò ju èyí lọ: kí ni ó ń mú kí olólùfẹ́ orin máa kó àwo jọ, kí ó sì máa pa á mọ́ títí di ìgbà tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ mọ́? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ mẹ́ta. Àwọn kan ní ìrántí ìgbà èwe ni. Àwọn kan ní ohùn inú àwo dùn ju ti ẹ̀rọ ìgbàlódé lọ. Àwọn kan sì ní owó ni, nítorí pé àwo tí ó bá ṣọ̀wọ́n máa ń wọ́n. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó ṣàlàyé àwo inú gèlè Màmá. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé láàrin àwọn Yorùbá, àwo orin ju ohun ìgbádùn lọ. Ibi tí a fi orúkọ ènìyàn pamọ́ sí ni. Nítorí orúkọ yìí ni àwọn ará ilé fi ń tọ́jú àwo, tí wọ́n sì fi di olùtọ́jú ìtàn láìmọ̀.

Láti ìṣẹ́jú 3 sí ìṣẹ́jú 20

Ohùn Yorùbá ti wà nínú àwo fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá tí òkìkí orin rẹ̀ kàn nínú ìjọ, kọ àwọn orin ẹ̀sìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, Domingo Justus náà kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1930, àwo àwọn olórin Èkó bí Abíbù Olúwa nínú sákárà àti Túndé King nínú jùjú ti wà lọ́jà.

Àwo ìgbà náà kì í ṣe rọ́bà. Oje tí kòkòrò kan ń sun ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun òkúta láti fi ṣe é. Ó wúwo, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́, àfọ́kù ni yóò dà. Ìgbà 78 ni ó ń yí nínú ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kò sì sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Nínú ìṣẹ́jú 3, olórin kò lè ṣe ju kí ó júbà, kí ó dá orin, kí ó sì dárúkọ ènìyàn díẹ̀ lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sínú irú àyè tóóró bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọwọ́ òun tẹ̀.

Ìyípadà dé ní ọdún 1948, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá oní-vinyl jáde. Ojú kan irú àwo yìí lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1949, RCA Victor gbé àwo kékeré tí ń yí ní ìgbà 45 jáde. Nígbà tí àwo ńlá gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, àwọn olórin bí Ebenezer Obey àti Sunny Ade ń so orin pọ̀ mọ́ orin láìdánudúró títí ojú kan àwo yóò fi tán, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lójú agbo àríyá. Àyè ṣí sílẹ̀ fún orúkọ.

Orúkọ inú àti orúkọ ẹ̀yìn

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí àyè yìí fi ṣe pàtàkì, ó yẹ kí a wo ojú agbo. Olówó dìde, ó ń jó, ó ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Olórin dárúkọ rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ki ìlú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun gbogbo ti parí. Pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti kéde àríyá náà, òjò yóò fọ̀ ọ́ dànù tàbí kí wọ́n lẹ òmíràn bò ó. Fọ́tò yóò kù, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í kini. Christopher Waterman, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn orin jùjú tí ó jáde ní ọdún 1990, fi hàn bí ìbáṣepọ̀ olórin àti àwọn ènìyàn ńlá ṣe jẹ́ òpómúléró fún orin náà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé àwo ni ó sọ ìyìn alẹ́ kan di ogún tí ọmọ lè jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo Haruna Ishola, ògbóǹtarìgì olórin àpàlà. Àwo tí ó kọ́kọ́ ṣe fún HMV ní ọdún 1948, tí ó fi yin Orímolùsì Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Nígbà tí ó tún un ṣe ní ọdún 1955, lẹ́yìn tí Kábíyèsí ti wàjà, òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá kú ni à ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ẹni tí ó ra àwo náà ní ọdún 1955 kò ra orin nìkan. Ó ra ìrántí ọba kan. Ní ọdún 1971, olórin yìí kan náà gbé Oroki Social Club jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Decca. Òròkí jẹ́ oríkì Òṣogbo, ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ ìlú náà ni ó sì fi àwo ọ̀hún yìn. Fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ̀dà kan nílé, àwo yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ wà, pé òun sì wà nínú rẹ̀.

Orúkọ mìíràn tún wà lára àwo, èyí tí olórin kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí a bá yẹ àwo àtijọ́ wò, a sábà máa ń rí i pé wọ́n fi bírò kọ orúkọ ẹni tí ó rà á sí ẹ̀yìn páálí tàbí sí orí ìwé róbótó tí ó wà láàrin àwo, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìlú àti ọjọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń yá àwo lò nígbà ìnáwó, ẹni tí ó ni àwo kò sì fẹ́ kí tirẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn oníṣòwò àwo lóde òní ka irú àkọlé bẹ́ẹ̀ sí àbùkù, wọn a sì dín owó rẹ̀ kù. Fún òpìtàn, àkọlé yẹn ni ó ń sọ ẹni tí ó gbọ́ orin, ibi tí ó ti gbọ́ ọ, àti ìgbà tí ó gbọ́ ọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ àwo kankan tí ó kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Páálí àwo Fela

Kì í ṣe orúkọ olówó nìkan ni àwo ń pa mọ́. Fela Aníkúlápó-Kuti, ọmọ ọmọ Àlùfáà Ransome-Kuti tí a dárúkọ lókè, kì í sábà kọ orin tí ó bá ti wọ inú àwo lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún orin àná gbọ́, àfi kí ó ní àwo. Ìdí kan nìyí tí àwọn olólùfẹ́ Fela fi ń to àwo rẹ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi ń wá èyí tí ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìdí kejì ni páálí. Ghariokwu Lemi ya àwòrán páálí 26 fún Fela, bẹ̀rẹ̀ láti orí Alagbon Close ní ọdún 1974. Lórí páálí yìí, a rí Fela tí ó já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ra àwo náà gbé ìròyìn ìdojúkọ Fela àti àwọn ọlọ́pàá wọ pálọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ti di èyí tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà. Àwo Haruna Ishola ń pa orúkọ ẹni tí ìlú ń yìn mọ́. Àwo Fela ń pa ọ̀rọ̀ ẹni tí ìjọba ń fìyà jẹ mọ́. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe nínú ilé.

Iná, omi àti ogún

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ Kalakuta, ilé Fela ní Èkó, wọ́n sì dáná sun ún. Ohun èlò orin àti téèpù tí wọ́n gba ohùn sí ṣègbé sínú iná náà. Ṣùgbọ́n Zombie, àwo tí ó fi àwọn ológun ṣe yẹ̀yẹ́, ti jáde ní ọdún 1976, ó sì ti wà nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iná tí ó jó ilé kan kò lè dé gbogbo pálọ̀. Ní ọdún 2011, omíyalé ba apá kan jẹ́ nínú àkójọ orin tí onímọ̀ John Collins tọ́jú sí Accra. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì jọra: ohun tí a kó sí ojú kan lè parun lọ́jọ́ kan, bí ó ti wù kí ẹni tí ó kó o jọ láápọn tó.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí náà sì jẹ́ òtítọ́. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í parun lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń lọ. Kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà lọ́wọ́ àwo, ẹ̀rọ bàjẹ́, ẹni tí ó ni àwo kú, àwọn ọmọ sì gbé páálí tí ikán ti jẹ fún ẹni tí ń ra àlòkù. Láti ibẹ̀ ni àwo ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba òkè òkun lọ. Kò yẹ kí a bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo èyí. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù tún àwọn orin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ọdún 1927 sí 1929 gbé jáde láti inú ibi ìkóhun-pamọ́-sí EMI ní Hayes, ohùn Domingo Justus sì wà lára wọn. Láìsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú wa ni ìbá gbọ́ ohùn náà.

Síbẹ̀, ohùn nìkan ni ibi ìkóhun-pamọ́-sí lè dá padà. Ìtàn ilé tí àwo gbé kò sí níbẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí, mo ra páálí àwo kan lọ́wọ́ oníṣòwò ní Ìbàdàn. Iye owó rẹ̀ nìkan ni mo béèrè. Orúkọ obìnrin kan wà lẹ́yìn àwo bíi mélòó kan nínú wọn, ọwọ́ kan náà ni ó kọ gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ọ́ rèǹtè-rente. Títí di òní, n kò mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò náà kò rántí ilé tí ó ti kó wọn.

Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún tí mo ń parí iṣẹ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo gbé àwo Màmá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń yí ní ìgbà 78. Àwo náà ti sán ní etí kan, abẹ́rẹ́ sì ń fò. Olórin sákárà kan ni ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ ènìyàn 5 ni a gbọ́, orúkọ bàbá ìyá mi sì ni ìkẹta. Màmá ti kú ní ọdún 2 ṣáájú. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tí ó mọ àwọn 4 yòókù, yálà ọ̀rẹ́ ni wọ́n, tàbí ẹlẹgbẹ́, tàbí oníbàárà. Ó dájú pé Màmá mọ̀ wọ́n. Ogún ọdún ni mo fi ní àǹfààní láti béèrè, mo sì rò pé inú àwo ni ìtàn wà.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn wa pa àwo mọ́, nígbà náà iṣẹ́ àwa onímọ̀ kò gbọdọ̀ dúró sórí orin àti olórin nìkan. Kí a tó ra àwo, kí a tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí a jókòó ti ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀, kí a sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó rà á, ìnáwó wo ni wọ́n lò ó fún, ta sì ni àwọn tí olórin dárúkọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní fóònù lè ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé ara rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ra àwo ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ti dàgbà gan-an báyìí. Àwo lè dúró dè wá fún ìgbà díẹ̀ sí i nínú gèlè tàbí nínú páálí. Àwọn tí ó mọ orúkọ inú rẹ̀ kò lè dúró bẹ́ẹ̀.