Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kéré sí i títí ó fi bá iná Òkìtìpupa mu

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. 🧵

Ẹnì kan rí àwòrán tábìlì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Kọ̀ǹpútà ẹ dà? Mónítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù nìkan ni mo rí." Mo ní kó wo ẹ̀yìn mónítọ̀ dáadáa. Àpótí dúdú kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju Bíbélì ìyá mi lọ. Òun ni kọ̀ǹpútà. Òun ni mo fi ń tẹ project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òun ni mo fi ń kún fọ́ọ̀mù fáwọn èèyàn, òun náà ni mo fi ń ṣe edit fídíò ìsìnkú àti ìgbéyàwó.

Mini PC ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń lò ó ní Òkìtìpupa níbí. Kì í ṣe torí pé ó rẹwà ni mo ṣe rà á o. Iná ló fà á. Bí mo bá sì máa sọ bí iná ṣe fà á, àfi kí n padà sẹ́yìn.

Ọdún 1963 ni ìtàn kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, nítorí iṣẹ́ ìkànìyàn. Ọdún yẹn náà ni IBM ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn, odindi yàrá ló ń gbà, ẹ̀rọ amúlétutù sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún un bíi pé ọba ni. Ìkálẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pẹ, rọ́bà àti ẹ̀gẹ́ làwọn èèyàn wa ń bá yí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé síjọba, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní tàípùráítà ló ń lọ.

Tàípùráítà ò sì nílò iná rárá. Ẹ fi iyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ohun tó wá gbapò tàípùráítà ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí tó ní mónítọ̀ tó níkùn ńlá bí aláboyún. Omatek ti wà láti 1988. Ní 2001, Zinox gbé kọ̀ǹpútà tiwọn jáde, wọ́n fi àmì náírà sórí kíbọ́ọ̀dù. (Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà yẹn nǹkan gidi ni.) Òtìgbà ní Ìkẹjà náà ti ń di Computer Village. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ti ń ra ẹrù, wọ́n á gbé e gba Ọ̀rẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ wa.

Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ẹ̀rọ fótókópì kan, àti "I better pass my neighbour" kan níta tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ kì í ṣe títẹ̀wé. Pípo ọ́ìlì mọ́ epo ni. Bí ọ́ìlì bá kéré, ẹ́ńjìnnì á kú. Bó bá pọ̀ jù, èéfín á lé kọ́sítọ́mà jáde.

Kọ̀ǹpútà Pentium 4 àti mónítọ̀ oníkùn yẹn, méjèèjì lè jẹ tó 200 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ so mẹ́ta mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ wá tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí i. Gbogbo rẹ̀ á pa. Lẹ́tà tí ẹ ò tíì save, ó dìgbà.

Àwọn tí kì í ṣe ará ibí á ní, "Kí ló dé tí ẹ ò lo iná ìjọba?"

Ó dára. Ẹ gbọ́ èyí. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́shọ̀ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́, 335 mẹgawáàtì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ́ èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, fún ohun tó ju ọdún márùn-ún lọ, gúúsù Oǹdó wà nínú òkùnkùn biribiri. Òkìtìpupa, Irèlè, Ìlàjẹ, Ẹsẹ̀-Odò, gbogbo wa. Wáyà ń kọjá lórí wa lọ síbòmíì. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà yẹn wọ iléèwé kó tó mọ̀ pé búlúbù lè tàn láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀.

Mi ò lè fi ẹ̀rín sọ apá yìí, ẹ máa bínú.

Àárín ìgbà yẹn gan-an layé wá sọ pé gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ di ti kọ̀ǹpútà. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013. Nígbà tó fi máa di 2015, kò sí ti ìwé mọ́. Yunifásítì tí ìjọba Agagu dá sílẹ̀ ní 2008, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ló sì ní project tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀, iná ò sí. Owó tó ń wọlé ń gba ẹnu táńkì jẹnẹrétọ̀ jáde.

Mo ra láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ nígbà tí mo dá dúró. Oṣù mẹ́fà, bátìrì rẹ̀ ti di ẹrù lásán. Mo ra òmíràn, ayédèrú ni. Lẹ́yìn náà kíbọ́ọ̀dù ò tẹ "a" mọ́. Ẹ gbìyànjú láti kọ Yorùbá láìsí "a", kẹ́ ẹ wá ròyìn fún mi.

Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà lókè òkun ti ń sọ ọ́ di kékeré ní gbogbo ìgbà yìí o. Apple gbé Mac mini jáde ní oṣù kìíní 2005, dọ́là 499. Ní 29 oṣù kejì 2012, Raspberry Pi dé láti Cambridge, dọ́là 35, kò ju káàdì ATM lọ. Ọdún yẹn náà ni Intel fi NUC hàn, tí Lenovo sì ṣe ThinkCentre Tiny fún ọ́fíìsì. Dell àti HP tẹ̀ lé wọn ní 2014. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ò le: ràámù láptọ́ọ̀pù ni wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n yan ṣíìpù tí kì í jẹ iná púpọ̀, wọ́n sì yọ ẹ̀rọ tó ń yí iná padà kúrò nínú rẹ̀, ó di ṣájà tó wà níta.

Ọ́fíìsì òyìnbó kì í lo nǹkan pẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á kó o dànù, ẹnì kan á kó o sínú kòǹténà, ó di Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé tèmi.

Nígbà wo? Lẹ́yìn 29 oṣù karùn-ún 2023. Gbogbo yín mọ ọjọ́ yẹn. Jálá epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo jókòó, mo ṣírò, mo rí i pé tí mo bá tan jẹnẹrétọ̀ láti tẹ ìwé, èmi ni máa san owó fún kọ́sítọ́mà.

Tèmi ní i5-6500T nínú. Ẹ má fojú kéré T yẹn. Intel ka i5-6500 lásán sí 65 wáàtì, ti onítíì jẹ́ 35. Tí mo bá ń tẹ̀wé lásán, kì í tilẹ̀ jẹ tó ìdajì ìyẹn. Ẹ fi mónítọ̀ pẹlẹbẹ kún un, gbogbo ẹ̀ ò ju bíi 35 wáàtì lọ.

Bátìrì mi jẹ́ 12V, 100Ah. Ìyẹn 1,200 wáàtì fún wákàtí kan. Ti lead-acid, ẹ má lò ju ìdajì lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ínfátà náà á jẹ tirẹ̀. Ó kù bíi 480. Kọ̀ǹpútà ayé ọ̀gá mi á jẹ ẹ́ tán kí wákàtí mẹ́ta tó pé. Tèmi ń lo wákàtí 13.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò fi ṣájà sí i, mo dé Òkìtìpupa kí n tó mọ̀. Kò ní bátìrì nínú bíi láptọ́ọ̀pù, tí ínfátà bá pa, òun náà pa. Ó ti dàgbà jù fún Windows 11, Linux Mint ni mo fi sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni mo fi ń fi àmì sí gbogbo ohun tí ẹ ń kà yìí. Edit fídíò náà máa ń lọ́ra, tí fídíò bá gùn, màá fi í sílẹ̀ lálẹ́ kó máa ṣe é. Nígbà òjò, sólà ò gbà dáadáa, àárọ̀ nìkan ni mo máa ń gbaṣẹ́.

Oṣù tó kọjá, ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo mónítọ̀, wọ́n ń tẹ́tí.

Wọ́n ní, "Ṣé iná ti dé ni?"

Mo ní, "Rárá o, ọ̀gá."

Wọ́n wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wá jẹnẹrétọ̀, wọn ò rí i. Mo fi àpótí náà hàn wọ́n. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá fà aga, wọ́n jókòó.

"Eélòó lo rà á?"