Ìlẹ̀kùn Iṣẹ́ Irin ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbẹ̀dẹ tí ó bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan tí mo fẹ́ lù lónìí ni èyí: ta ni ó yẹ kí ó mú ọmọ wọ ẹnu iṣẹ́? Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí a bí sí agbo ilé alágbẹ̀dẹ kò ní í wá ẹni tí yóò bá a bẹ ọ̀gá. Ìdí ẹwìrì baba rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Irú àṣà yìí wà láàárín àwọn tí ń to irin afárá àti ilé gogoro ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde.

Ní ọdún 1896, ní ìlú Pittsburgh, ni àwọn òṣìṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, rífẹ́ẹ̀tì, èyíinì ni ìṣó ńlá, ni wọ́n fi ń so irin pọ̀, ẹni mẹ́rin ni ó sì ń ṣe é. Ẹni kìíní yóò ti ìṣó bọ ẹyín iná títí yóò fi pọ́n, yóò fi ẹ̀mú jù ú. Ẹni kejì yóò fi agolo gbà á lójú òfuurufú, yóò tì í bọ inú ihò. Ẹni kẹta yóò fi irin wúwo dì í mú lẹ́yìn. Ẹni kẹrin yóò sì fi ẹ̀rọ lù ú títí yóò fi le. Bí ọ̀kan bá ṣìṣe, ewu dé bá gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n mọ̀ dénú ni wọ́n ń mú mọ́ra: ọmọ, àbúrò, tàbí àna.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Kahnawake, ìlú àwọn Mohawk lẹ́bàá Montreal ní Kánádà. Ní 1886, nígbà tí wọ́n ń ṣe afárá ọkọ̀ ojú irin kọjá odò ibẹ̀, wọ́n gba àwọn ọmọ ìlú náà sí iṣẹ́. Díẹ̀ nínú wọn kọ́ iṣẹ́ rífẹ́ẹ̀tì. Àwọn wọ̀nyí kọ́ àbúrò, àwọn àbúrò kọ́ ọmọ. Àwọn Òyìnbó a máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ Mohawk kò mọ ẹ̀rù. Àwọn Mohawk fúnra wọn sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń borí rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1907, afárá Quebec wó lulẹ̀, ó pa òṣìṣẹ́ 75. 33 nínú wọn jẹ́ ọmọ Kahnawake. Àwọn tí ó ya àwòrán afárá náà ni ó ṣi ìwúwo rẹ̀ ṣírò. Àwọn obìnrin ìlú wá ní kí àwọn ọkùnrin má ṣe kó ara wọn jọ sí ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Brooklyn, wọ́n wọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń mú ọmọ wọn wọlé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí baba fi ń mú ọmọ wọlé yìí náà ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́, ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún un? Òfin ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ọdún 1937 kò ṣí i fún wọn. Ní 1969 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Philadelphia láti mú kí àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ mẹ́fà. Iṣẹ́ irin wà lára wọn. Ní 1970, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Seattle dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ irin ibẹ̀ lẹ́bi, ó sì ní kí wọ́n gba aláwọ̀ dúdú sí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà yóò kọ̀wé béèrè. Yóò fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ ọ lórí irin àti nínú kíláàsì, owó rẹ̀ yóò sì máa gòkè bí ìmọ̀ rẹ̀ ti ń gòkè.

Ìfẹ́ ẹbí ni ó pa iṣẹ́ mọ́ ní Kahnawake. Ìfẹ́ ẹbí kan náà ni ó ti ẹlòmíràn mọ́ òde ní Seattle. Èmi kò bú baba tí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ti di ti ìlú, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò yẹ kí ó wà ní ìkáwọ́ agbo ilé kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ó mú mi wọlé, ta ni ó sì ṣì dúró lóde?