Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Inú Yàrá Ìjẹun

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì léèrè bí àwọn òǹkọ̀wé àṣà titun ṣe dìde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1930, orúkọ ni yóò kọ́kọ́ kà fún wa: Virginia Woolf, T. S. Eliot, James Joyce, D. H. Lawrence. Yóò sọ pé wọ́n kọ àṣà àwọn bàbá wọn sílẹ̀, pé wọn kò fẹ́ ìtàn tí ó ń lọ tààrà láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú mọ́, pé inú ọkàn ènìyàn ni wọ́n ń wò bí ẹni ń wo odò tí ó ń ṣàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Modernism ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àṣà náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí olùkọ́ kì í sábà sọ fún wa nínú kíláàsì: èrò orí kì í sọ ara rẹ̀ di ìwé. Ẹnì kan ni yóò to lẹ́tà, ẹnì kan ni yóò ra bébà, ẹnì kan ni yóò sì gbà kí ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn òun. Nípa àwọn ẹni wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ̀rọ̀, nítorí ó dá mi lójú pé bí kò bá sí wọn, púpọ̀ nínú ìwé tí à ń kà fún ìdánwò lónìí ì bá ti jẹrà sínú àpótí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin. Láti ọdún 1857 ni òfin kan ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fún adájọ́ ní agbára láti gba ìwé tí a bá pè ní ìwé ìṣekúṣe, kí ó sì pa á run. Ọwọ́ òfin lè tẹ ẹni tí ó tẹ ìwé gẹ́gẹ́ bí ó ti lè tẹ ẹni tí ó gbé e jáde. Nítorí náà ni atẹ̀wé, ẹni tí kò bá òǹkọ̀wé pín nínú ògo, fi wá di onídàájọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí gbólóhùn kan tí ó bà á lẹ́rù, yóò ní òun kò tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ọmọ awakùsà èédú ni D. H. Lawrence, Eastwood, ní agbègbè Nottingham, ni a bí i sí ní ọdún 1885. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1915, ilé Methuen gbé ìwé rẹ̀ The Rainbow jáde. Kò pé oṣù méjì tí ilé ẹjọ́ fi pàṣẹ pé kí a pa á run, ẹ̀dà tí ó lé ní 1,000 sì ṣègbé bẹ́ẹ̀. Methuen kò tilẹ̀ jà. Wọ́n tọrọ gáfárà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìwé tí ó tẹ̀lé e, Women in Love, New York ni ó ti kọ́kọ́ rí ẹni tẹ̀ ẹ́, ní ọdún 1920. Gbogbo onílé ìtẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Methuen, kálukú sì fà sẹ́yìn.

Ibi tí ọkùnrin ti ń fà sẹ́yìn ni obìnrin kan ti bọ́ síwájú. Harriet Shaw Weaver ni orúkọ rẹ̀, ọmọ oníṣègùn, tí a bí ní ọdún 1876. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í mutí, ènìyàn kò sì lè rí i ní ọ̀nà kí ó rò pé ó lè fa ìjàngbọ̀n. Ìdílé rẹ̀ ní owó. Ohun tí ó sì fi owó náà ṣe ni pé ó gbé ìwé ìròyìn kékeré kan dúró tí à ń pè ní The Egoist. Inú rẹ̀ ni James Joyce, ará Áyálándì, ti tẹ A Portrait of the Artist as a Young Man ní díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1914 sí 1915. Àwọn atẹ̀wé a máa yọ gbólóhùn kúrò nínú rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó tó àkókò láti sọ ọ́ di odidi ìwé, kò sí atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Kí ni Weaver ṣe? Ó sọ ara rẹ̀ di agbéwèéjáde. Ó dúró títí B. W. Huebsch fi tẹ ìwé náà ní New York ní ìparí ọdún 1916, ó sì ra ojú ìwé tí a ti tẹ̀ lọ́hùn-ún, a kó o gba orí òkun wá ní àárín ogun, ni a bá dì í pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1917. Ní ọdún 1919 ó tún fún Joyce ní £5,000, kò sì kọ́kọ́ jẹ́ kí ó mọ ẹni tí owó náà ti wá. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Joyce ní orí tí ó lè kọ̀wé. Kò ní kọ́bọ̀.

Ní ọdún 1917 yìí kan náà ni tọkọtaya kan ń rìn lọ ní Farringdon Street, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Leonard Woolf ni ọkọ, ẹni tí ó ti fi nǹkan bí ọdún méje ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ceylon, ilẹ̀ tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí. Virginia ni ìyàwó. Ọmọ ọ̀mọ̀wé ni Virginia í ṣe. Bàbá rẹ̀, Leslie Stephen, ni olóòtú àkọ́kọ́ fún ìwé ńlá tí ó kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn olókìkí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ. Àwọn ọmọkùnrin ilé lọ sí Cambridge. Virginia kò lọ. Inú yàrá ìwé bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó mọ̀, oró rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1895 nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 13, bàbá kú ní 1904, ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Thoby ní 1906. Àárẹ̀ ọpọlọ ń mú un, a sì ń fi í sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé láti ọdún 1913 sí 1915 ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Leonard rò pé bí ó bá rí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ní ọ̀sán, tí kò gba ìrònú, ara yóò tù ú. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ ilé ẹ̀kọ́ àwọn atẹ̀wé pé kí wọ́n kọ́ àwọn. Wọ́n dá wọn lóhùn pé ọmọṣẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ nìkan ni àwọn ń gbà. Wọ́n bá ra ẹ̀rọ náà pẹ̀lú lẹ́tà òjé àti gbogbo ohun èlò rẹ̀ ní pọ́nùn 19, ṣílè 5 àti kọ́bọ̀ 5. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó bá ẹ̀rọ wá ni olùkọ́ wọn. Orí tábìlì nínú yàrá ìjẹun wọn ní Hogarth House, ní Richmond, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Ọwọ́ Leonard a máa gbọ̀n láti ìgbà èwe rẹ̀, kò lè to lẹ́tà. Nítorí náà Virginia ni ó ń mú òjé lọ́kọ̀ọ̀kan tí ó ń tò ó, tí Leonard ń fa ẹ̀rọ. Ní oṣù keje ni ìwé àkọ́kọ́ jáde, ìtàn méjì péré nínú rẹ̀, ti ọkọ kan, ti ìyàwó kan, ẹ̀dà 150. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ẹgbẹ́ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé rí, tí owó kò pé lọ́wọ́ yín, ẹ ó mọ bí ìwé 150 ti tó yọ̀ sí.

Ìtàn tí Virginia kọ síbẹ̀, The Mark on the Wall, kò ní ìṣẹ̀lẹ̀ kankan. Obìnrin kan jókòó, ó rí àmì kan lára ògiri, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fò láti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ta ni onílé ìtẹ̀wé tí ì bá gba irú èyí? Nígbà náà, Duckworth, ilé iṣẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ni ó ń tẹ àwọn ìwé rẹ̀ tí ó gùn. Ìwé àkọ́kọ́, The Voyage Out, tí ó jáde ní 1915, sì dàbí ti àwọn aṣáájú rẹ̀ dáradára. Ìgbà tí ẹ̀rọ di ti ara rẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ tú. Jacob's Room jáde láti ilé wọn ní 1922, Mrs Dalloway ní 1925, To the Lighthouse ní 1927, The Waves ní 1931, kò sì sí olóòtú kan tí yóò sọ fún un pé gé ibí, fi ìfẹ́ sí ọ̀hún. Wọ́n tẹ ti àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú: ìtàn Katherine Mansfield, ọmọ New Zealand tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ní ọmọ ọdún 34, ní 1918, ewì T. S. Eliot ní 1919.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1918 ni Weaver gbé apá kan nínú Ulysses tí Joyce ń kọ lọ́wọ́ wá sí Richmond. Ó wọ ibọ̀wọ́ bí obìnrin tí ń lọ sí ìpàdé ìjọ, ìwé tí gbogbo atẹ̀wé ń sá fún sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Àwọn Woolf kò gbà á. Wọ́n ní ìwé tí ó bá ju ojú ewé 300 lọ yóò gba àwọn ní ọdún méjì lórí ẹ̀rọ kékeré yẹn, èyí sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ńlá tí Leonard sì fi í hàn kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ìyẹn nìkan ni. Virginia kò fẹ́ràn ìwé náà. Ó rí i bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé, mo sì gbà pé ìgbéraga àwọn ọmọ ilé ńlá ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti Joyce ń wá ohun kan náà kiri. Ọdún kan náà, 1882, ni a bí àwọn méjèèjì. Nínú ọdún kan náà, 1941, ni wọ́n kú.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin méjì, Margaret Anderson àti Jane Heap, ń tẹ Ulysses lápá lápá nínú The Little Review. Ní ọdún 1921 ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn dọ́là 50 lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ní Párísì ni ìwé náà ti wá rí ìbí. Sylvia Beach, ọmọ pásítọ̀ láti Amẹ́ríkà, ń ta ìwé níbẹ̀. Kò gbé ìwé kankan jáde rí. Òun ni ó ní kí a gbé e wá. Atẹ̀wé kan ní Dijon tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà 1,000, ó sì tẹ Joyce lọ́wọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1922, ọjọ́ tí ó pé ẹni 40 ọdún. Weaver tún tẹ tirẹ̀; ní 1923 àwọn aṣọ́bodè ní Folkestone gba nǹkan bí 500 nínú rẹ̀. Ó di ọdún 1936 kí a tó tẹ Ulysses ní gbangba ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún 1922 yìí náà ni ti Eliot. Amẹ́ríkà ni a bí i sí. Báńkì Lloyds ni ó ń bá ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1917, tí ó ń ṣírò owó ní ọ̀sán, tí ó ń kọ ewì ní òru, ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣàìsàn. Ní 1921 ọkàn òun náà dà rú, báńkì fún un ní ìsinmi, ó lọ sí Margate àti Lausanne, ibẹ̀ ni ó sì ti parí The Waste Land. Ẹni tí ó gé ewì náà sí bí a ti mọ̀ ọ́n ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ezra Pound. Nígbà tí a tẹ àkọsílẹ̀ àtètèkọ́ṣe jáde ní 1971 ni ayé rí i pé nǹkan bí ìlàjì ni Pound gé dànù. Pound tún ń dá owó jọ kí Eliot lè fi báńkì sílẹ̀, ojú sì ti Eliot púpọ̀. Nígbà tí ewì náà di ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1923, Virginia ni ó to gbogbo lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ẹ̀dà tí ó tó 460.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé eré olówó ni gbogbo èyí. Kò parọ́. Àǹtí Virginia fi £2,500 sílẹ̀ fún un ní 1909, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ gbangba nínú A Room of One's Own, ní 1929, pé obìnrin tí kò ní owó àti yàrá tirẹ̀ kò lè kọ̀wé. Lawrence, ọmọ awakùsà, kò ní àǹtí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tiwọn nìkan. Ní 1924 ilé Hogarth gbé ìwé Norman Leys jáde, tí ó tú àṣírí ìyà tí à ń fi jẹ àwọn ọmọ Kenya. Ní 1933 wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ C. L. R. James, ọmọ Trinidad, pé kí àwọn ará West Indies máa ṣe ìjọba ara wọn. Ilé Faber, tí Eliot bọ́ sí nígbà tí ó kúrò ní báńkì ní 1925, tí ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀ títí ó fi kú, ni ó gbé The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, jáde ní 1952, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń tijú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi kọ ọ́.

Joyce kú ní Zurich ní oṣù kìíní ọdún 1941. Weaver ni ó san owó ìsìnkú. Ní oṣù kẹta, Virginia Woolf, tí àìsàn náà tún ń bọ̀ wá bá, kó òkúta sí àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì wọ odò Ouse lọ. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ti lé ilé ìtẹ̀wé wọn kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Letchworth nígbà náà. Àárín ogun yẹn ni Leonard ti gbé ìwé tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀, Between the Acts, jáde ní oṣù keje, orúkọ Hogarth sì wà lára rẹ̀.