Ọ̀SÁN ỌMỌDÉ NÍ ÌBÀDÀN ÀTIJỌ́: LÁTI ORÍ WÀLÁÀ DÉ ORÍ LẸ́SÌN

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú mi ní òní ni láti yẹ ìtàn ẹ̀kọ́ kan wò, èyí tí ọmọdé ń kọ́ lẹ́yìn tí agogo ilé-ìwé bá ti lù pé ó tó gẹ́ẹ́, àti nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Lẹ́sìn ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Ní Bẹẹrẹ, ní Mápó, ní Bẹyẹrúnkà àti ní àyíká Ọjà'ba, agbára káká ni a fi lè rí òbí tí kò mọ orúkọ náà, nítorí pé owó ni wọ́n fi ń san.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun titun ni lẹ́sìn. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀sán ọmọ Ìbàdàn ti jẹ́ ọ̀sán ẹ̀kọ́. Ohun tí ó yí padà ni ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ níbẹ̀ àti irú ọmọ tí ó ń ráyè wọlé.

2. Kí òwúrọ̀ tó di ti ìwé

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí dó. Ọjà'ba, tí orúkọ rẹ̀ ń rán wa létí oyè Ìba tí Olúyọ̀lé jẹ, ni ọkàn ìlú náà, ibẹ̀ sì ni Mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò wà. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ilé-kéú pọ̀ ní àwọn agboolé tí ó yí i ká. Ọmọ á jókòó sórí ẹní, á gbé wàláà lé itan, á máa tún ohun tí ààfáà bá pè pè. Ní ọjọ́ Àlàrùba, á mú owó díẹ̀ wá. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní owó a máa fi iṣẹ́ san án: á pọn omi, á ṣẹ́ igi, á bá ààfáà lọ sí oko. Nígbà tí ó bá parí, wọn á ṣe wọ̀límọ̀ fún un, gbogbo agboolé á sì bá a yọ̀. Bákan náà ni ti iṣẹ́ ọwọ́ rí. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí lọ́dọ̀ ahunṣọ ń fi ìsìn san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní 1853, Ẹni-Ọ̀wọ̀ David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ fi ìdí múlẹ̀ ní Kúdẹtì. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí ọwọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ Anna gan-an ni àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Wọ́n ń ka ìwé, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń kọ́ aṣọ rírán. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ààlà láàrin àkókò ẹ̀kọ́ àti àkókò ilé.

3. Ọdún 1955 àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹẹrẹ, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní 1954 kò tó 500,000; ní 1955 ó ti lé ní 800,000. Ọdún náà ni ilé-ìwé mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, fún àwọn tí ó parí ìwé mẹ́fà ṣùgbọ́n tí wọn kò lọ sí girama.

Báyìí ni òwúrọ̀ gbogbo ọmọ ṣe di ti ìjọba. Ilé-kéú kò kú. Ó sún sí ọ̀sán àti òpin ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ náà sún sí ọ̀sán. Ọmọ Bẹẹrẹ kan lè ka a-b-d ní òwúrọ̀, kí ó ka álífù ní ọ̀sán, kí ó sì gbọ́ àlọ́ ní alẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí kan níhìn-ín: ọ̀sán ń kọ́ ọmọ ní ohun tí òwúrọ̀ kò kọ́ ọ.

Ní 1979, ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kíláàsì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ní 1982, ètò ọlọ́dún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta àti mẹ́rin wọlé dé, ó sì fi ìdánwò kan sí òpin ọdún kẹta girama. Kò pẹ́ sí i tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀. Láti 1986, nígbà ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP, owó oṣù olùkọ́ kò ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdánwò wà, èrò pọ̀ ní kíláàsì, ebi sì ń pa olùkọ́. Inú ohun mẹ́ta yìí ni lẹ́sìn ti rí ọ̀nà gbilẹ̀.

4. Èrè àti òfò

A kò gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu lẹ́sìn láìro ti èrè rẹ̀. Olùkọ́ tí kò ráyè wo ojú ọmọ kan ní òwúrọ̀ lè ráyè wò ó ní ọ̀sán. Ìyá tí ó wà ní ìsọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ náà mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

Síbẹ̀, òfò rẹ̀ kò kéré. Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́sìn ń tún ṣe: Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Èkejì ni ti ìsinmi. Ní 1955, oṣù Ṣẹẹrẹ ni ọdún ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí a yí i padà, ìsinmi gígùn bọ́ sí àárín oṣù Agẹmọ àti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, nígbà tí àgbàdo gbó, tí iṣu titun sì jáde. Àwọn ìdílé Ìbàdàn ní abúlé lóko. Oko yìí ni ọmọ ti ń kọ́ orúkọ ewé àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá àgbà. Lẹ́sìn ìgbà ìsinmi ti dá a dúró sí ìgboro.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ní 2019, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fagi lé owó 3,000 náírà tí akẹ́kọ̀ọ́ girama ń san. Òwúrọ̀ di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán ṣì wà ní títà. Ọmọ tí kò rí owó lẹ́sìn á gbé igbá lọ sí Ọjà'ba, á máa kiri. Ààfáà ayé àtijọ́ kò jẹ́ kí àìlówó ti ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìta.

5. Ìkádìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àbá mi kò ju méjì lọ. Ìkíní, kí a fi ààbọ̀ ọ̀sán fún ohun tí òwúrọ̀ kò fún ọmọ: kí alágbẹ̀dẹ, aláró, akéwì àti oníjàálá wá sí ilé-ìwé, kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ni. Ìkejì, kí àdúgbò àti ìjọba dá owó jọ fún olùkọ́, kí a má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ìlú tí ó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó parí ní 1929 kò lè sọ pé òun kò rí ibi tí ọmọ yóò jókòó sí. Bí a bá ṣe èyí, a ó dá ọ̀sán padà fún gbogbo ọmọ Ìbàdàn, olówó àti tálákà.